Ẹ̀rọ Aṣọ Ìnura Tó Gbẹ̀yìn

Wọ́n ta ẹ̀rọ tó gbẹ̀yìn ní ilé-iṣẹ́ aṣọ ìnura fún orílẹ̀-èdè tí aṣọ ìnura rẹ̀ pa ilé-iṣẹ́ náà. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n pè padà pé kó wá tú u. Mẹkáníìkì ni, Baba Gíríìsì ni wọ́n ń pè é, òun ló sì ń tún ẹ̀rọ náà ṣe láti ìgbà tó ti wà ní àpọ́n.

Bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe kú kò lọ́jú pọ̀. Orílẹ̀-èdè òkèèrè yìí, tí àwọn àgbà ṣì rántí ìgbà tó ń gba oúnjẹ ìrànwọ́, ti di ẹni tí gbogbo ayé ń bá ṣòwò. Àwọn ló kọ́ èbúté tuntun. Aṣọ ìnura ni ọkọ̀ tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ síbẹ̀ kó wá, iye tí wọ́n sì ń tà á kò tó owó òwú tí ilé-iṣẹ́ fi ń hun tirẹ̀. Mínísítà bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọ́n jọ ya fọ́tò. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti ta àwọn ẹ̀rọ yòókù fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Àlejò méjì ló wá gbé èyí tó kù, àgbàlagbà kan àti ọ̀dọ́ kan, pẹ̀lú obìnrin tó ń túmọ̀ fún wọn. Baba Gíríìsì ti ń fi kẹrosíìnì nu ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó wọlé. Bí àgbàlagbà náà ṣe rí i, igbe ló fi ta.

"Ó ní kí ẹ má nù ún mọ́, sà," ògbifọ̀ sọ. "Kí gbogbo gíríìsì ara rẹ̀ wà bó ṣe wà."

"Ẹ bá mi sọ fún un pé gíríìsì tó ti gan yìí ò ní jẹ́ kó yí."

Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀. "Ó ní kò séwu."

Àgbàlagbà náà gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ, kò sì tètè gbé e kúrò. Ògbifọ̀ ní irú rẹ̀ ni ìyá àgbàlagbà náà fi ṣiṣẹ́, àti pé wọ́n ti yọ́ gbogbo tiwọn tán.

Wọn ò béèrè iye aṣọ tó ń hun lóòjọ́. Wọn ò béèrè irú iná tó ń lò. Wọ́n wọn gíga rẹ̀, wọ́n wọn ìbú rẹ̀, ọ̀dọ́ náà sì yíjú sí Baba Gíríìsì, ó wọn òun náà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó wọn èjìká rẹ̀, ó ya fọ́tò rẹ̀ níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, wọ́n ní kó ta aṣọ iṣẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ fún àwọn. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ ló wọ̀ délé.

"Ta ló bọ́ yín láṣọ?" ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Àwọn tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́. Wọ́n wọ̀n mí. Aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ rán fún mi."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Wọ́n ti bá yín sọ̀rọ̀ owó oṣù?"

"Ìyá wọn, àwọn yẹn ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ. Wọ́n máa pè mí dandan ni."

Kó má bàa já sí òfo, ó ti yọ irin eléyín kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ kí wọ́n tó kan àpótí tí wọ́n kó ẹ̀rọ náà sí pa. Òun fúnra rẹ̀ ló gé e láyé ọjọ́un, kò sí irú rẹ̀ níbòmíì. Láìsí i, ẹ̀rọ náà kò lè hun ìlà kan. Ó fi í sínú agolo mílíìkì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ bá a wáṣẹ́ ní èbúté, níbi tí wọ́n ti ń tún àwọn ọkọ̀ tó ń gbẹ́rù ṣe.

"Ọjọ́ Ajé ni kó o bẹ̀rẹ̀," ó ní.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mò ń retí ìpè."

"Ìpè wo? Àwọn tó lé ẹ lẹ́nu iṣẹ́ náà lo tún ń retí?"

"Kì í ṣe pé wọ́n lé mi."

"Ó dáa. Máa retí ẹ̀."

Wọ́n fún ẹlòmíì níṣẹ́ náà. Oṣù ń gorí oṣù. Baba Gíríìsì ń tún ẹ̀rọ ìlọta àwọn aládùúgbò ṣe, ó ń bá wọn jà lórí iye tí wọ́n fẹ́ san. Bí rédíò bá ti ń ka bí ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè òkèèrè ọ̀hún ṣe tún gbé pẹ́ẹ́lí, á dìde pa á. Lọ́jọ́ kan ó bá aṣọ ìnura wọn lórí okùn ní ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀.

"Nínú ilé tèmi!"

"Bàbá wọn, ẹ hun tiyín wá, kí n fi nura," ìyàwó rẹ̀ sọ.

Ìpè náà wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí kò retí rẹ̀ mọ́. Ohùn ògbifọ̀ ló gbọ́.

"Ẹ káàsán, sà. Wọ́n ní kí n bi yín: ọwọ́ wo lẹ fi ń mú sípánà?"

"Ọwọ́ òsì. Ẹ̀rọ yẹn ńkọ́? Ó yọ wọ́n lẹ́nu, àbí?"

"Kò yọ wọ́n lẹ́nu rárá, sà. Ọwọ́ òsì. Ẹ ṣé o."

Fóònù já. Baba Gíríìsì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní irinṣẹ́ ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n fẹ́ rà dè é. Ó fa agolo jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó nu irin eléyín náà títí ó fi ń dán, ó wé e sínú ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí ìrìn-àjò rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní olú-ìlú wọn báyìí, níbi tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń wo bí àwọn bàbá ńlá wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ láyé àtijọ́; kò sẹ́ni tó tan iná sí i rí, ère ọkùnrin kan tó ga tó Baba Gíríìsì sì dúró tì í lẹ́yìn gíláàsì nínú aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n rà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì mú sípánà.