Ìwé Òtútù Òkun Ọ̀gbẹ́ni Keeping

Olùṣèwádìí òkun kan ti ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ kan padà síwájú opó apẹja lórí tábìlì.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ èyí?”

“Ọkọ mi ni,” Màmá Drusilla Keeping dáhùn. “Ta ni ò mọ̀ ní erékùṣù Newfoundland yìí pé ó máa ń wọn ìgbóná omi kó tó ju àwọ̀n?”

Ara ṣì ń fu olùṣèwádìí náà. Kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣàfarawé òkun ti sọ pé omi lè gbóná fún ọgbọ̀n ọdún, kó tún tutù fún ọgbọ̀n míì, fúnra rẹ̀, láìsí ohun tó tì í. Ìwé yìí nìkan ni ẹ̀rí tó rí. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù nínú ìwé, ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ọwọ́ ìkọ̀wé yí padà.

“Ẹlòmíì ló kọ ibí yìí, Màmá. Àbí ẹnì kan jókòó sílé hùmọ̀ ẹ̀ ni?”

“O ń pè mí lópùrọ́ nínú ilé mi, tíì mi sì wà lẹ́nu ẹ?”

“Ẹ má bínú. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá omi yẹn tutù lóòótọ́ ni.”

Obìnrin náà dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn.

“Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹsẹ̀ ọkọ mi rọ. Àwọn ọkùnrin èbúté wa ò sì lè gbà kí obìnrin wa ọkọ̀ ìpẹja. Mo wọ ẹ̀wù òjò ẹ̀, mo fa fìlà ẹ̀ bojú. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi lọ sókun, tí mo ń wọn omi, tí mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé yẹn.”

Ó yọ ọwọ́ òsì rẹ̀ jáde nínú àpò súwẹ́tà. Ìka méjì ò sí níbẹ̀.

“Òtútù omi yẹn ló jẹ wọ́n. Ó yá, tún bi mí bóyá omi tutù.”