Ìlẹ̀kẹ̀ Irùngbọ̀n Bàbá Mofẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ilé o! Ẹ jókòó dáadáa, òfófó tòní gbóná.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé hípísítà nìkan, àwọn tí kì í ṣe bí ayé ṣe ń ṣe, ló lè gbé àdúgbò wa. Tí èèyàn mẹ́wàá bá ti ń ṣe irú tìẹ, àwọn aláṣẹ àdúgbò á ní kó o kó jáde. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ọkọ mi, Bàbá Mofẹ́, so mọ́ irùngbọ̀n ló fi gba káàdì ilé wa, èyí tá a fi ń gbé ibẹ̀.

Ni àwọn aláṣẹ bá wá yẹ̀ wá wò láàárọ̀ yìí. Ẹ̀rọ wọn ka irùngbọ̀n onílẹ̀kẹ̀ mẹ́tàlélógójì ládùúgbò, ti pásítọ̀ wa wà níbẹ̀!

Ọkọ mi pariwo, "Ìyá Mofẹ́, ta ló sọ fún àwọn yòókù?"

Mo ní, "Àwọn ọ̀rẹ́ mi ló bi mí níbi tẹ́ ẹ ti ń rà á. Mo kàn fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn ni."

Obìnrin tó gbé ẹ̀rọ dání lanu sílẹ̀. "Mọ́mì, ẹ ṣì ń fẹnu sọ̀rọ̀ sínú fóònù? Nígbà tí gbogbo ayé ń fọkàn bára wọn sọ̀rọ̀? Ẹ̀yin nìkan ló kù nílùú yìí!"

Ló bá tẹ káàdì ilé tuntun lé mi lọ́wọ́, lórúkọ tèmi.

Ó ku Bàbá Mofẹ́ o. Ó ti fá irùngbọ̀n, ó ní ká kó jáde, òun ò lè gbé abẹ́ káàdì ìyàwó. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ máa dá káàdì yẹn padà? Ẹ dá mi lóhùn, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohùn ránṣẹ́ o!