Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dé Orí Tochal

Yìnyín ti mu àfẹ́sọ́nà Golnar dé orúnkún, síbẹ̀ òun ló wà níwájú bàbá ọmọge náà. Bàbá, tí ò kúkú fẹ́ràn rẹ̀, ti là á mọ́lẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè Tochal: "Ẹni tó bá kọ́kọ́ dórí òkè ni kó sọ bóyá ìgbéyàwó máa wáyé."

Ó ku díẹ̀ kó dé ahéré irin tó wà lórí òkè ni ẹ̀kọ́ ilé bá mú un lẹ́sẹ̀. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ máa lọ níwájú, bàbá."

"Kí n lọ kẹ̀? Ìwọ lo ṣáájú."

"Ká má rí i! Èmi, níwájú àgbà?"

"Lọ jàre! Imú mi ti ń dì."

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lọ, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Ilẹ̀kùn ahéré ṣí. Golnar yọjú tòun ti ife tíì. Ọkọ̀ orí wáyà tó ń gbé èèyàn gun òkè ló gbé e wá.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ dé, mo sì ti gbà láti fẹ́ ẹ. Ẹ wọlé, tíì ń tutù."

Àwọn méjèèjì wo ẹnu ọ̀nà tóóró náà.

"Ẹ wọlé, bàbá."

"Rárá o, àna mi, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ wọlé."

Golnar pa ilẹ̀kùn dé, ó sì bu tíì mìíràn.