Ẹni Tó Pe Ilé-Ẹ̀kọ́ Nọ́ọ̀sì

Láti ọjọ́ tí àbúrò ti ní òun fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti ń pè é ní Nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀gbọ́n ló bá a lọ aṣọ tó wọ̀ wá síbi ìdánwò ìwọlé lónìí. "Nọ́ọ̀sì mi, lọ fakọ yọ!"

Olùkọ́ tó ń dán an wò ní kó yí aláìsàn tí kò lè dìde sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó yí i jẹ́jẹ́, bó ṣe ń yí màmá wọn nílé lójoojúmọ́.

Olùkọ́ mi orí. "Ọwọ́ rẹ mọ iṣẹ́ yìí. Ṣé lóòótọ́ lo máa ń dákú tó o bá rí ẹ̀jẹ̀?"

"Èmi kẹ̀? Rárá o, mà!"

"Obìnrin kan ló pè wá láàárọ̀ tó sọ bẹ́ẹ̀. Kò dárúkọ. A ti gbà ọ́ ṣá."

Ó ń rẹ́rìn-ín jáde nígbà tí fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n ni. Kò tiẹ̀ dúró kí àbúrò sọ̀rọ̀.

"Nọ́ọ̀sì, pẹ̀lẹ́, má sunkún. Iṣẹ́ tó kún fún ẹ̀jẹ̀ kò yẹ ọ́ náà ni. Tètè máa bọ̀, Màmá ti tọ̀ sára."

Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n gbà mí."

Ẹ̀gbọ́n figbe ta: "Ta ni yóò wá máa yí Màmá?"

"Ṣé ẹ̀yin kì í ṣe ọmọ wọn ni?"