Ìwé Àyẹ̀wò Etí Tó Wà Nísàlẹ̀ Àpótí Irinṣẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba èsì àyẹ̀wò tẹ́ ẹ sì ká a sápò.

1.
Mọkálíìkì kan wà tí wọ́n ń pè ní Dókítà Ẹ́ńjìnnì. Orúkọ náà tọ́ sí i! Á fi ẹnu súkúrúdíráfà gígùn kan ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, á fi ìdí rẹ̀ ti eegun ẹ̀yìn etí, á dijú. Kò ní pẹ́, á ní, "Bíárìn kejì ló ti jẹ." Tí wọ́n bá tú u, bíárìn kejì náà ni. Mo ní ọkùnrin náà mọṣẹ́ dójú àmì! Mọ́tò tó bá sú àwọn ọ̀gá mìíràn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń bá a ṣiṣẹ́, òun náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Òun ló rí i pé etí bàbá òun ń da ọyún, pé tóun bá pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń dáhùn. Ó bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn.

2.
Obìnrin tó ń yẹ etí wò kọ́kọ́ fi ohùn ránṣẹ́ gba ihò etí, lẹ́yìn náà ó fi í gba eegun ẹ̀yìn etí. Ó wá tẹ́ ìwé kan tó fa ìlà méjì sí síwájú wọn.

"Bàbá, etí méjèèjì rí bákan náà. Ìlà òkè yìí, ohùn tó gba eegun ni, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ìlà ìsàlẹ̀ yìí ló gba ihò etí. Bí ìlà bá ṣe lọ sísàlẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ la ṣe pariwo tó kẹ́ ẹ tó gbọ́."

"Ṣé etí mi ti kú ni?"

"Rárá o! Inú etí lọ́hùn-ún ṣì dáa, ọ̀nà tó dé ibẹ̀ ló bàjẹ́. Ó ṣeé tọ́jú. Ẹ rí oníṣègùn etí lọ́sẹ̀ yìí."

Àlàyé wo ló tún kù? Ṣùgbọ́n "ṣì dáa" nìkan ni bàbá wa gbé relé.

"Ṣó o gbọ́? Eegun mi dáa! Eegun náà ni mo fi ń jẹun." Ó sọ ìwé sísàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbọ́ràn?"

3.
Oṣù mẹ́jọ kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ náà ki ọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì tó máa ń yí lára ẹ́ńjìnnì. Bàbá jókòó sórí ìjókòó awakọ̀, ó di kọ́kọ́rọ́ mú.

"Bàbá, ẹ dúró!"

Kò gbọ́. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Áà! Bẹ́líìtì gé orí ìka méjì lọ́wọ́ ọmọ.

Nígbà tí wọ́n di ọwọ́ ọmọ tán, bàbá sáré lọ wá ìwé yẹn, ó gbé e padà fún obìnrin àyẹ̀wò. Wọ́n tún etí rẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n sì fún un ní ìwé tuntun. Ní etí òsì, ìlà òkè ti já wálẹ̀ wá bá ti ìsàlẹ̀. Àìsàn ti wọ inú lọ́hùn-ún. Etí ọ̀tún ni oníṣègùn rí gbà là. Bàbá fi súkúrúdíráfà kan ẹ́ńjìnnì, ó fi ìdí rẹ̀ ti ẹ̀yìn etí òsì, àmọ́ etí ọ̀tún nìkan ló bá a gbọ́ ọ. Ó bú sẹ́kún.

4.
"Bàbá, ó tó," lọmọ wí. "Ìka mẹ́jọ ṣì kù. Mẹ́jọ tó tú mọ́tò."

Irú ọmọ wo nìyí! Lónìí, òun ló ń fi súkúrúdíráfà gbọ́ ẹ́ńjìnnì, orúkọ bàbá rẹ̀ sì ti di tirẹ̀. Mo kan sáárá sí bàbá náà, torí kò fi ìtìjú rẹ̀ pamọ́. Ó lẹ ìwé méjèèjì mọ́ ògiri ibi iṣẹ́. Oníbàárà tó bá béèrè, á nàka sí i: "Èyí ni ọjọ́ tí wọ́n sọ fún mi. Èyí ni ọjọ́ tí mo gbọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra o! Tí èsì àyẹ̀wò etí yín kò bá dáa, ẹ béèrè ibi tó bàjẹ́ àti ohun tẹ́ ẹ máa ṣe, kẹ́ ẹ sì ṣe é lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Ẹ má mú èyí tó dùn nínú ọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ìwé tó wà nínú àpò yín yẹn, ẹ yọ ọ́ jáde lónìí.