Orin Tó Ti Di Ti Iléeṣẹ́

Kí èèyàn tó wọ ọgbà àjọ̀dún orin àti eré ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á so ẹ̀gbà mọ́ ọn lọ́rùn, èyí tó máa ń pariwo bí olúwarẹ̀ bá gbe orin. Lọ́dún yìí, ẹ̀rọ orí ìtàgé kọ orin tí ìyá Àṣàbí fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nígbà tó wà lọ́mọdé. Àṣàbí, tó ti di arúgbó báyìí, gbè é láàárín èrò. Ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ han gooro.

"Màmá, ẹ dákẹ́," ni ẹ̀ṣọ́ wí. "Iléeṣẹ́ ló ni orin yìí."

"Iléeṣẹ́ wo? Ṣé iléeṣẹ́ ló pọ̀n mí ni?"

Ó já ẹ̀gbà náà sọ mọ́lẹ̀. Wọ́n wọ́ ọ síta. Lẹ́nu géètì, ó fi ìbínú kọrin náà títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó dákẹ́, gbogbo èrò ti jáde wá bá a. Nínú ọgbà, ẹ̀rọ ń kọrin fún àga òfìfo.