Àkùkọ Tí Kò Ráyè Bímọ

Àlọ́ mi já gbì! Kò já lé ọlọ́gbọ́n lórí, orí Àkùkọ Gàgàrà ló já lé.

Gàgàrà ò mọ̀ ju ìjà lọ. Akọ yòówù tó bá yọjú sí àgbàlá Ìyá Fadérera, yóò ṣá a lórí títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi bọ́. Bó bá borí tán, á gun òkìtì, á máa lé orin, àwọn àgbébọ̀ á sì máa gbè é:

Ta ló ni àgbàlá?
Gàgàrà ni.
Ta ni ò sá rí?
Gàgàrà ni.

Àwọn àgbébọ̀ ní, “Baba, ẹ sún mọ́ wa o, ilé ń fẹ́ ọmọ.”

“Ẹ kúrò níwájú mi jàre! Ṣé ẹni tó ń jagun ló ráyè ìyẹn?”

Ni wọ́n bá lọ bá Òpìpì, àkùkọ tí ìyẹ́ ara rẹ̀ ò tó bo ìdí. Ojo paraku ni, àmọ́ ó ráyè.

Gàgàrà fi í rẹ́rìn-ín: “Ìwọ oníhòòhò yìí náà lọkùnrin?”

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n,” ni Òpìpì wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan, àna Ìyá Fadérera dé láti ọ̀nà jíjìn. Ta ló jẹ́ fi oníhòòhò ṣe àna lálejò? Èyí tó sanra jù ni obìnrin náà mú. Inú ọbẹ̀ ni alágbára sùn.

Orin ò tán ní àgbàlá. Àwọn òròmọdìẹ ló ń gbè é báyìí, ìhòòhò ni gbogbo wọn:

Ta ló ni àgbàlá?
Baba wa ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ sọ̀yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí mo bá purọ́, kí ọmọ Gàgàrà jáde wá já mi nírọ́.